Láti Orí Ẹṣin Dé Inú Ayọ́kẹ́lẹ́ Gbọọrọ: Bí Mọ́tò Amẹ́ríkà Ṣe Gba Ipò Ẹṣin Ìjòyè ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn yóò jù ú fún un. Òwe yìí ti wà ní ẹnu àwọn Yorùbá kí mọ́tò tó dé rárá. Ohun tí ó ń sọ ni pé ipò ọlá ní ìrìn tirẹ̀, àti pé ohun tí ènìyàn bá gùn ni yóò kọ́ ọ ní bí yóò ti máa rìn. Bí ènìyàn bá dúró ní orí òkè Mápó lónìí, tí ó sì wo ìsàlẹ̀ sí ìhà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà, bóyá ni yóò fi rí ẹṣin ìjòyè mọ́, àfi bí ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìwúyè bá kò. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní Micra ni yóò máa fọn fèrè láàárín àwọn òrùlé páànù tí òjò àti oòrùn ti sọ di pupa. Ṣùgbọ́n láàárín ayé ẹṣin àti ayé Micra, ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé ayọ́kẹ́lẹ́ gbọọrọ tí a ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó jókòó sí ipò tí ẹṣin fi sílẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí, àti ohun tí wọ́n ṣe sí àṣà agbo ilé, yẹ ní mímọ̀ fún ọ̀dọ́ tí kò bá ìgbà náà, ó sì yẹ ní rírántí fún àgbà tí ó bá a.

Ẹṣin ni ó kọ́kọ́ gorí òkè

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹṣin kì í ṣe ohun eré. Ìhà òkè, láti ọ̀nà Ìlọrin lọ, ni a ti ń rà á wá, owó gọbọi sì ni. Lẹ́yìn èyí, kò rọrùn láti tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀bá igbó, nítorí pé eṣinṣin kan wà nínú igbó tí í kó àìsàn ran ẹṣin, tí í sì pa á. Ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní láti ní ẹni tí yóò máa pa koríko fún un, ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí yóò di ìjánu rẹ̀ mú. Nítorí náà, bí ìlú bá ti rí ẹṣin, wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn púpọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ẹni tí ó gùn ún.

Ẹṣin ní òfin ìwà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà lórí ẹṣin, tí ó sì pàdé ẹni tí ó jù ú lọ, kò gbọdọ̀ kí i láti òkè. Yóò sọ̀kalẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò sì dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ. Onílù a máa ki ẹni tí ó ni ẹṣin, a sì máa ki ẹṣin náà. Àwọn ọmọ agbo ilé a máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo, nítorí pé iyì baálé ni iyì gbogbo ilé. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni èyí: ẹnì kan ni ó ń gun ẹṣin, ṣùgbọ́n agbo ilé ni ó ni ín.

Mọ́tò wọ ìlú

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ kí mọ́tò lè gbà á kọjá, èyí tí a sì ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ dé wúwo púpọ̀. Wọ́n a máa ba ọ̀nà jẹ́, òjò kékeré a sì máa rì wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó yí ọ̀ràn náà padà ni Henry Ford ti ìlú Detroit. Ní ọdún 1908 ni ó gbé ọkọ̀ kan jáde tí ó pè ní Model T. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Nígbà tí ó di ọdún 1913, Ford ṣètò ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ni yóò máa kọjá níwájú òṣìṣẹ́, tí olúkúlùkù yóò sì máa fi ohun kan ṣoṣo kún un. Dọ́là 850 ni ọkọ̀ náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Kí ọdún 1925 tó parí, iye rẹ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀ dọ́là 300. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1927. Bí ó ti fúyẹ́ tó yìí bá ọ̀nà eléruku ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mu, nítorí náà ni ọkọ̀ Ford fi tètè borí àwọn ọkọ̀ wúwo tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá.

Ní Ìbàdàn, Sàlámì Agbájé, oníṣòwò ńlá tí ilé rẹ̀ wà ní Ayéyé, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìlú tí ó kọ́kọ́ ní mọ́tò. Ní Ilé-Ifẹ̀, a máa ń ka Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó di Ọọ̀ni ní ọdún 1930, mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ nígbà tí ó ṣì ń ṣòwò. Òwò ni ó gbé mọ́tò lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́, kì í ṣe ogun. Ìyàtọ̀ ńlá sì ni èyí. Ohun tí ìjòyè ogun ń fi ẹ̀mí wéwu kí ó tó ní, oníṣòwò lè fi owó àgbàdo, owó òwú tàbí owó kòkó rà á. Nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní ọdún 1929, nígbà tí Captain Ross jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ìjọba amúnisìn, tí òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ tí ìlú mọ̀ sí Taffy sì kọ́, ọ̀nà ti wà fún mọ́tò láti gun òkè náà dé ẹnu ọ̀nà. Òkè tí ẹṣin ń fi ẹsẹ̀ gùn ti di òkè tí ẹ́ńjìnnì ń kígbe gùn.

Bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe gùn tó bẹ́ẹ̀

Láti oṣù kejì ọdún 1942 títí di ọdún 1945 ni àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà kò ṣe ayọ́kẹ́lẹ́ fún ará ìlú, nítorí pé ohun ìjà ni wọ́n ń rọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn ọmọ ogun padà wálé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Ní ọdún 1947 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé olójúlé kọ̀ọ̀kan ní Levittown, nítòsí New York, ilé baba, ìyá àti ọmọ, tí ó jìnnà sí ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ibẹ̀ kò lè ṣe aláìní mọ́tò. Ní ọdún 1956, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti la ọ̀nà ńláńlá tí gígùn rẹ̀ tó máìlì 41,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Ọ̀nà fẹ̀, epo pọ̀, owó sì wà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Harley Earl, olórí àwọn tí ń ya àwòrán ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ General Motors, wo ìrù ọkọ̀ òfuurufú ogun kan, ó sì ní kí a fi irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn Cadillac ti ọdún 1948. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń ga sí i bí ìrù ẹja, títí tí Cadillac ti ọdún 1959 fi ga ju gbogbo wọn lọ. Ní ọdún 1955, Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì tuntun jáde tí ó fi agbára ọkọ̀ olówó ńlá sí ọwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún kan náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 8 ayọ́kẹ́lẹ́ ni Amẹ́ríkà ṣe. Chevrolet Impala ti ọdún 1959 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17 àbọ̀. Morris Minor tí àwọn tísà àti akọ̀wé ń gùn nílẹ̀ yìí ní àkókò kan náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 àti díẹ̀ lọ.

Àwọn kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ ọkọ̀ ẹbí ní tòótọ́. Àga gbọọrọ ni ó wà níwájú àti lẹ́yìn, tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú tí a ń pè ní Station Wagon tilẹ̀ ní òrùlé tí ó lọ dé ìdí pátápátá, tí ọmọ, ajá àti ẹrù ọjà lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Kò rọrùn fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti dé Ìbàdàn lẹ́yìn ogun. Dọ́là wọ́n fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi òfin dín ọjà tí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lè fi dọ́là rà kù. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí Austin, Morris àti Vauxhall ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ọwọ́ Amẹ́ríkà wà nínú èyí pẹ̀lú láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ mọ̀: láti ọdún 1925 ni General Motors ti ra Vauxhall, Vauxhall yìí kan náà sì ni ó ń ṣe Bedford, ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń kan pákó sí lára tí ó fi di bọ̀lẹ̀kájà. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tún ní ẹ̀ka ní Kánádà, tí ń ṣe ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún fún àwọn ilẹ̀ tí ń bẹ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ó bá wọ́n ni í gbayì. Nígbà tí owó kòkó gòkè ní àwọn ọdún 1950, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá, Chevrolet, Pontiac, Buick àti Ford ńlá di ohun tí ojú ń wá. Bọ̀gìnnì ni a ń pè wọ́n. Bí ẹnì kan bá ra ọkọ̀ tuntun, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò ní kí ó wá bá wọn wẹ ọkọ̀. Jíjẹ àti mímu ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń bọ Ògún a fi obì, epo àti ajá bẹ onírin kí ó má fi ọkọ̀ náà mu ẹ̀jẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí a pe ààfáà, àwọn ọmọ ìjọ a pe pásítọ̀. Onílù tí baba rẹ̀ ki ẹṣin yóò tún orin ṣe, yóò ki ọkọ̀. Láìsí àníàní, ìpàkọ́ tí ẹṣin ń bá ni jù ni ọkọ̀ yìí náà ń bá ni jù.

Ọkọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n ẹbí ta ni?

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti di ti àṣà. Ẹbí tí àwọn ará Detroit ní lọ́kàn ni ọkùnrin kan, ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹbí tí ó wà ní agbo ilé ní Bẹ́yẹrúnkà tàbí ní Ọjà'ba kò lè wọ inú Impala mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ní agbo ilé kò lè sọ pé òun nìkan ni òun ni ín. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ọkọ̀ náà ni yóò gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́. Bí a bá ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun ni yóò ṣáájú. Bí òkú bá kú ní oko, òun ni yóò gbé e wálé. Ẹni tí ó bá kọ̀, ojú ahun ni ìlú yóò fi wò ó, bí ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ gùn ju ọ̀nà lọ.

Ọkọ̀ náà sì gùn ju ọ̀nà lọ lóòótọ́. Àwọn agbo ilé àtijọ́ fara mọ́ra, ẹsẹ̀ ni a fi la àárín wọn, kì í ṣe táyà. Ẹni tí ó bá ní ayọ́kẹ́lẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17 lè ní láti gbé e sí ẹ̀bá títì, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé bí olúkúlùkù. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀, èyí tí ó kọ́ Bódìjà. Ilé olójúlé kọ̀ọ̀kan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbà àti ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ohun tí Levittown ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà ni Bódìjà ṣe fún ọmọ Ìbàdàn tí ó kàwé: ó fún ọkọ̀ ní yàrá, ó sì mú ọkùnrin náà kúrò ní ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọjọ́ ọdún Iléyá, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ òkú ni ó kù tí yóò máa wa ọkọ̀ wá sí agbo ilé baba rẹ̀. Ẹṣin kò mú ẹnikẹ́ni kúrò ní agbo ilé rí. Mọ́tò ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Òfin ìwà náà yí padà. Ẹni tí ó wà nínú ayọ́kẹ́lẹ́ lè yí gíláàsì sílẹ̀, kí ó na ọwọ́ jáde, kí ó sì kí bàbá àgbà láti orí ìjókòó. Àwọn àgbà kan kò dáhùn irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọkọ̀ kò tó ohun tí ó yẹ kí ọmọ tìtorí rẹ̀ má fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kọ́ dáradára a máa pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n a jáde, wọ́n a sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ẹṣin 325 lábẹ́ ẹsẹ̀ kan

Ohun ìyanu kan ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò gbàgbé ẹṣin. Ní ọ̀rúndún 18, James Watt ti ilẹ̀ Scotland fi iṣẹ́ tí ẹṣin lè ṣe díwọ̀n agbára ẹ̀rọ rẹ̀, àgbáyé sì ń lo òṣùwọ̀n náà títí di òní. Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá ní nǹkan bí agbára ẹṣin 40 ní àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1964, Pontiac mú ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò tóbi púpọ̀, ó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sí inú rẹ̀, ó sì pè é ní GTO. Agbára ẹṣin 325 ni ó ní. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Ford mú Mustang jáde, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹṣin ìgbẹ́, ó sì ta ju mílíọ̀nù kan lọ kí ọdún méjì tó pé. Ìjòyè ogun tí ó ní ẹṣin mélòó kan ní Ìbàdàn ti di ẹni ńlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin Amẹ́ríkà tí kò tíì gbéyàwó lè ní 325 lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹṣin a máa rí kòtò kí ó sì yà. Ọkọ̀ kì í rí nǹkan kan. Ní ọdún 1965, agbẹjọ́rò kan, Ralph Nader, kọ ìwé tí ó fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ṣe mọ́tò pé ẹwà ni wọ́n ń lé, wọn kò ro ti ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn tí ó lé ní 50,000 ni mọ́tò pa ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ sì ṣe òfin ààbò ọkọ̀.

Ìbàdàn kò nílò ìwé láti mọ èyí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adégòkè Adélabú, tí ìlú ń pè ní Pẹ̀nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní agbègbè Rẹ́mọ. Ẹni ọdún 42 ni. Òun ni ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlú tí ń jókòó ní Mápó, òun sì ni aṣáájú àwọn alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ikú ọkọ̀ lásán ni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìbàdàn ti ń gbàdúrà fún ọmọ tí ó bá ń lọ sí Èkó bí ẹni tí ń lọ sí ojú ogun.

Nígbà tí ọ̀nà tuntun tí ó yára láti Èkó dé Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, eré pọ̀ sí i. Ní ọdún kan ṣáájú èyí ni a ti dá ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní ọdún 1988, òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti kọ̀wé púpọ̀ nípa Ògún ni ó wá ń bẹ awakọ̀ kí ó má jẹ́ kí Ògún jẹun.

Bí ọlá náà ṣe ṣí kúrò

Títí di ọdún 1972, apá òsì ni a ń gbà ní títì Nàìjíríà, nítorí náà ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá tààrà, tí sítíárìn rẹ̀ wà ní òsì, a máa ṣòro láti fi ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà, gbogbo ìlú bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá bá ọ̀nà wa mu.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ayé rẹ̀ fi kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, owó epo sì fò sókè. Ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹṣin ṣe ń mu omi di ẹrù fún olówó rẹ̀. Ìròyìn ìbànújẹ́ tí ó bá Detroit ni ó sọ Nàìjíríà di olówó. Nígbà tí owó Udoji bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n Peugeot tí a ń tò pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen tí a ń tò pọ̀ ní Èkó, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, ni ọ̀pọ̀ wọn rà. Àwọn gbọọrọ ìṣáájú dúró sí abẹ́ igi, táyà wọn jò, ìpẹtà mú wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ sì rí irin fi rọ ọkọ́. Oldsmobile parí ní ọdún 2004, Pontiac ní ọdún 2010.

Síbẹ̀, Amẹ́ríkà kò kúrò ní ọ̀nà wa. Púpọ̀ nínú àwọn Toyota Camry àti Honda Accord tòkunbọ̀ tí ń gun òkè Mápó lónìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti ṣe wọ́n, ní Kentucky àti ní Ohio, tí ẹbí kan ibẹ̀ sì ti gùn wọ́n kí wọ́n tó gba orí omi wá. Orúkọ Japan ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹbí Amẹ́ríkà ni wọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí a mú dání

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rán ọmọ ilé ìwé sí àgbà tí ó rí bọ̀gìnnì àkọ́kọ́ ní àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n bi í nípa orúkọ tí ìlú sọ ọ́, bí a ṣe ki í, àti àwọn tí ó gbé lóru lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lọ, ìtàn náà yóò bá wọn lọ, nítorí pé irin ọkọ̀ náà ti di ọkọ́, ọkọ́ náà ti jẹ tán nínú oko.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀kọ́ tí ẹṣin fi lé mọ́tò lọ́wọ́. Ohun tí ń gbé ni ga kò gbọdọ̀ mú ni gbàgbé àwọn tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Bódìjà tàbí ní òkè òkun, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dán, agbo ilé kan wà ní Bẹ́yẹrúnkà tàbí ní Ọjà'ba tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Kí ó sọ̀kalẹ̀ bí ó bá débẹ̀, kí ó kí àgbà bí ó ti yẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.